Yìnyín Tí Ẹ Fi Kí Àna Yín ní Djaloukou

Ilé Ìyá Àgbà,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí Àtijọ́,
Bantè.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 2026.

Ẹ̀gbọ́n mi Djaffar,

Ẹ kú àárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀ ni Lazare tó gbé ìwé yìí bá yín, ẹ kú ọ̀sán bó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ sì kú ààwẹ̀, torí ìbínú kò gbọdọ̀ gba ìkíni lẹ́nu ènìyàn. Ṣé ara yín le? Ṣé ilé tí ẹ sá lọ ní Savalou tù yín lára? Ṣé alùpùpù yín kò yọ yín lẹ́nu? Ìyá Àgbà jókòó tì mí bí mo ti ń kọ ọ́, ó ní kí n ka ìkíni náà sókè kí òun gbọ́. Mo kà á. Ó ní kò tíì tó, kí n béèrè bóyá ẹ ń rí nǹkan gidi fi ṣínu. Ṣé ẹ ń rí nǹkan gidi fi ṣínu? Ó dáa.

Ẹ ó rí i pé n kò kọ "ọ̀wọ́n" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín. Mo kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo sì pa á rẹ́. Ìyá Àgbà ní bó ti wù kí inú bí mi tó, n kò gbọdọ̀ fi "ìwọ" bá yín sọ̀rọ̀, torí bàbá yín ló ṣáájú bàbá mi dé ayé. Mo gbà. "Ẹ̀yin" ni màá fi sọ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ọ̀wọ̀ yẹn tàn yín jẹ.

Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo pè yín lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ó dún títí. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin inú fóònù ló ń dá mi lóhùn ní Faransé, ó ń sọ fún mi pé n kò lè rí yín bá sọ̀rọ̀. Ìwé ló kù. Ẹ sì ti wí níwájú gbogbo agbo ilé pé ọmọ tí kò lè kọ ìlà Yorùbá kan kò lẹ́nu láti ka ẹ̀sùn sí ọmọ onílé lọ́rùn. Ìlà náà nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ṣakí fún ọdún mẹ́ta, ẹ mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Lọ́wọ́ ìyá kan ará Ìjẹ̀bú tó ń ta aṣọ ní Libreville ni mo ti kọ́ ọ, ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ wẹ̀ létí òkun. Ica, èdè ilé wa, ṣì ń yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣe, kò sí èdè tí n kò lè fi sọ ọ́.

Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn zémi, àwọn ọlọ́kadà ẹlẹgbẹ́ yín, ní ibùdó wọn ní Savalou. Wọ́n ní ẹ ní ọmọdébìnrin kan ti Gàbọ́ọ̀n dé, ó rí ìpẹ́ ẹja kan ṣoṣo, ó sì fi ba iṣẹ́ ọkùnrin jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ gbójú fò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì, ilé ìwòsàn wa rán yín lọ gba àjẹsára àwọn ọmọ ní Savalou, bí ẹ ti ń ṣe lóṣooṣù láti ọdún méjì. Àpótí náà, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: àpótí aláwọ̀ búlúù tí ìdérí rẹ̀ nípọn, tí ike yìnyín mẹ́rin ń tò yí inú rẹ̀ ká, tí àwọn ìgò kéékèèké wà láàárín. Aago méjì ọ̀sán ni ẹ kúrò ní Savalou. Ó yẹ kí ẹ ti wọ Bantè kí wọ́n tó pe ìrun alásàrì. Dípò kí ẹ máa bọ̀, ẹ yà sí Djaloukou lọ kí àna yín.

N kò bá yín jà nítorí ìkíni. Ọkọ ọmọ kì í dé ìtòsí ilé àna nínú oṣù ààwẹ̀ kó má yà, bó bá sì yà, kì í yà lọ́wọ́ òfo. Ìyá Àgbà ti là á yé mi. Ẹ kò ní ṣúgà, ẹ kò ní bùrẹ́dì, ẹ kò ní nǹkan kan lórí alùpùpù bí kò ṣe ohun tí wọ́n fi rán yín. Oòrùn ọjọ́ yẹn, àwọn ajá ń wá abẹ́ mọ́tò sùn sí. Kò sí iná mànàmáná ní àdúgbò wọn, omi inú ìkòkò wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá ìyàwó yín jókòó síbẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ. Ojú tì yín. Ẹ ṣí àpótí, ẹ yọ ike yìnyín mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ kó wọn sínú garawa omi mímu, ẹ ní àwọn dókítà Bantè ló fi ránṣẹ́ sí wọn nítorí ààwẹ̀. Gbogbo agbo ilé fi omi tútù ṣínu. Lèmọ́mù mu nínú rẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà fún yín, wọ́n se oúnjẹ fún yín, wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú, kí ẹ sùn. Ẹ sùn. Àpótí sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pẹ̀lú ike kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ ṣí i, ẹ rí i pé ike tó kù ti di omi. Ẹ̀rù bà yín. Ìbá ṣe pé ẹ ti ibẹ̀ wá, kí ẹ sì ní, "Imane, mo ti ṣe nǹkan o," màá bínú títí di ọ̀sán, yóò sì tán. Ṣùgbọ́n ẹ lo ọgbọ́n. Ẹ rántí ìgbà tí a ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé nítorí rọpárọsẹ̀, pé oògùn tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu yẹn máa ń ti ibi ìpamọ́ jáde ní dídì gbagidi bí òkúta. Ẹ sọ fún ara yín pé àjẹsára ni àjẹsára, èyí tó bá tutù jù ló dára jù. Ẹ padà sí Savalou, ẹ lọ bá obìnrin kan tó ń ta ẹja dídì, ẹ bẹ̀ ẹ́, ó sì fún yín ní omi ọ̀rá tó ti di òkúta ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ amómi-dì rẹ̀. Ẹ tò ó yí àwọn ìgò ká, ọ̀rá ń kan ìgò, ìgò ń kan ọ̀rá. Ẹ dé e, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ẹ gbéra.

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ gan-an lẹ ti pa á. Kì í ṣe Djaloukou.

Oògùn rọpárọsẹ̀ inú ẹnu yẹn lè dì kó yọ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń gún ọmọ ọwọ́ ní itan nígbà mẹ́ta, tó ń gbà á lọ́wọ́ ikọ́ líle tó ń mú ọmọ wúkọ́ títí tí kò fi ní rí èémí fà, àti lọ́wọ́ àrùn tó ń mú àgbọ̀n ọmọ le gan-an tí kò ní lè mu ọyàn mọ́, ìyẹn kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ dídì. Láàárín ìwọ̀n ooru méjì sí mẹ́jọ ló ń gbé. Bó bá fi lè dì lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú nìyẹn, bó tilẹ̀ yọ́ padà tó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ kò lè sọ pé ẹ kò gbọ́ ọ rí. Gbogbo ìgbà tí Màmá Sárà, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí wa, bá fẹ́ di àpótí, ṣebí ìṣojú yín ló ti ń to ike yìnyín sórí tábìlì, tó ń dúró títí ara wọn á fi làágùn, tó ń gbé wọn sétí mì kí ó lè gbọ́ omi nínú wọn. Ó máa ń wí pé, "Yìnyín tí kò bá tíì sunkún kò gbọdọ̀ wọ àpótí mi." Ẹ̀yin lẹ máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ ní ìjọ aláṣọ funfun ti wọ Màmá Sárà lára débi pé ó fẹ́ kí yìnyín pàápàá ronú pìwà dà. A jọ rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀nba ohun tí ẹ mú níbẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rín.

Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá ti kọjá kí ẹ tó dé. Màmá Sárà wà ní ìpàdé. Èmi ni mo gba àpótí lọ́wọ́ yín. Mo ní kí ló dé tí ẹ fi pẹ́, ẹ ní táyà. Mo ṣí i, mo rí omi ọ̀rá, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ike wa dà?"

Ẹ rẹ́rìn-ín. "Ará Gàbọ́ọ̀n, ó tutù àbí kò tutù?"

Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó tutù. Mo wo àmì ara ìgò, òbìrí tí àmì onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀, tó máa ń dúdú díẹ̀díẹ̀ bí ooru bá ti ń ba oògùn jẹ́. Onígun mẹ́rin náà funfun báláú. Àwọn aláboyún tó wà lórí bẹ́ńṣì ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ará Gàbọ́ọ̀n. Mo mú bírò, mo kọ "ó dára" sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i.

N kò ní sá fún ìyẹn. Àmì yẹn, ooru nìkan ló mọ̀. Òtútù lè pa oògùn lójú rẹ̀ kó má ṣẹ́jú. Wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n fún mi ní máàkì. Ọjọ́ tó yẹ kí n lò ó, mo tijú kí ẹ má baà tún fi mí ṣẹ̀sín. Nítorí náà, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni mo bù ún fún. Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ nínú ìbínú yìí kí n tó gbé àjẹkù rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Ọjọ́bọ̀, a lọ sí Koko, níbi tí ìyàwó yín wà. Ẹ̀yin lẹ gbé mi. Ẹ̀yin lẹ wọ inú àwọn oko iṣu lọ pe àwọn ìyá, torí ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà ahéré, ẹ̀yin ni wọ́n sì mọ̀. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a gún. Ẹ gbé Razack, àkọ́bí yín, ọmọ oṣù mẹ́ta, síwájú gbogbo wọn, ẹ ní, "Ọmọ tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gún, kí wọ́n lè rí i pé kò sí ẹ̀tàn." Inú mi dùn sí yín lọ́jọ́ yẹn débi pé mo ròyìn yín fún màmá mi ní Libreville. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kan wà níbí, ẹ bá rí i!" Ó ń dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń fọ àpótí tí mo rí ìpẹ́ ẹja náà. Ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó ń dán bí èékánná ọmọ tuntun. Mo gbé àpótí súnmọ́ imú. Ilé ìwòsàn wa kì í gbé ẹja. Mo lọ bá Màmá Sárà, mo sì sọ fún un nípa omi ọ̀rá àti nípa ìfọwọ́sí mi. Kò pariwo mọ́ mi, ó kàn mú ọ̀kan nínú àwọn ìgò tó ṣẹ́kù nínú ẹrù yín, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sínú ẹ̀rọ kó dì mọ́júmọ́. Ó ní òun fẹ́ kí a mọ bí òkú ṣe ń rí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó jẹ́ kí ìgò náà yọ́. Ó to ìgò mẹ́ta sí ojú fèrèsé: èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ dì, èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹrù tí ẹ gbé wá, àti ọ̀kan tó ti wà nínú fírígò wa láti oṣù tó kọjá. Ó mì wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì jókòó tì wọ́n. Ti inú fírígò wa dúró bíi wàrà. Èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ dì já sílẹ̀ bí ògì tí kò kúnná, omi mímọ́ gaara dúró lókè rẹ̀. Tiyín tẹ̀lé e. Wọ́n jọra bí ìbejì. Màmá Sárà wo ìgò náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó wo ìwé orúkọ àwọn ọmọ Koko. Ó ní, "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Ẹ ti ń béèrè kiri pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ Djaloukou fún mi. Ẹ rò pé mo rán amí. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá ìyàwó yín fúnra rẹ̀ wá kí Ìyá Àgbà. Ó gbé ẹrù kan tí ó fi ìborùn rẹ̀ dì dáadáa. Ó tú u. Ike yìnyín wa mẹ́ta ni. Ó ti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi ń dán ju ti ìgbà tí wọ́n jẹ́ tuntun lọ, ó sì kó ẹ̀pà yíyan sínú ọ̀rá mẹ́ta, ọ̀kan fún ike kọ̀ọ̀kan, torí wọn kì í dá ohun olóore padà lófìfo. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà yín. Láti ọdún tí mo ti ń gbààwẹ̀, n kò rí ẹni tó ti ibi jíjìn rántí ọ̀fun mi bẹ́ẹ̀ rí. Ọlọ́run á fún wọn mu lọ́run."

Mo la ẹnu. Ìyá Àgbà tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lórí ẹní. Ó gba àwọn ike náà, ó dúpẹ́, ó bá a ṣàdúrà, ó sìn ín dé ojú ọ̀nà. Nígbà tó padà, ó ní a kì í bọ́ aṣọ lára ọkọ ọmọ níwájú àna rẹ̀. Ẹ wò ó, bí ìyá arúgbó yẹn ṣe bo àṣírí yín tó nìyẹn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ránṣẹ́ pè yín.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ dé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́, torí bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ní Savalou kò jọ ọ́.

Ẹ ní, "Omi ni mo fún aláàwẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ṣé omi yín ni?"

Ẹ ní, "Ta ló kú? Ẹ fi òkú kan ṣoṣo hàn mí!"

Mo ní kò tíì sẹ́ni tó kú, ìdí tí mo fi ń sáré nìyẹn. Ẹ dìde dúró, ẹ ròyìn ike tó yọ́ àti yìnyín ẹlẹ́ja Savalou fún wa. Ẹ ní, "Mo tún un ṣe! Òtútù tí mo yọ, mo dá a padà, kódà mo fi kún un!"

Ìyá Àgbà ní, "Djaffar, iná jó igun ilé kan, ìwọ fi àgbàrá gbé ilé náà lọ. O wá ń béèrè ọpẹ́."

Èmi lẹ yíjú sí. "Ọmọ tó ń fi Faransé lá àlá, tí kò lè kí ìyá àgbà rẹ̀ kó má kọsẹ̀, tí kò lè kọ ìlà Yorùbá kan, òun ni yóò wá kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdún méjì! Padà sí Gàbọ́ọ̀n rẹ!" Ẹ gun alùpùpù, ẹ lọ.

Ìyẹn pàápàá, mo lè gbé e mì. Ẹnu lásán ni. Ohun tí n kò lè gbé mì ni fóònù tí ẹ gbé lẹ́yìn náà. Ẹ pe Koko. Ẹ sọ fún àwọn ìyá pé bí a bá tún wá, kí wọ́n má gbé ọmọ jáde, pé oògùn àkọ́kọ́ dára, pé ará Gàbọ́ọ̀n yẹn ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni, itan ọmọ wọn ló sì fẹ́ fi kọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a gba ẹrù tuntun, èmi àti Lazare tó ń gun alùpùpù dípò yín gbé e lọ sí Koko. Láti aago méje títí dé ọ̀sán, mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ìwé orúkọ. Ọmọ kan kò wá. Lazare wọ oko, ó sọnù lẹ́ẹ̀mejì, ó padà pẹ̀lú èèmọ́ lára ṣòkòtò. Obìnrin kan gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bá mi sọ̀rọ̀: "Djaffar ní kí a má jẹ́ kí ẹ sọ ọmọ wa di tìmùtìmù abẹ́rẹ́. Djaffar kì í tan wá." Mo gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣeré nínú ilé. Mo sọ fún un pé yìnyín àpótí wa dúró sí Djaloukou, pé oògùn tó wọ ara ọmọ yẹn ti kú kó tó wọ̀ ọ́. Ó ní oògùn tó kú kì í mú ibà wá, ara ọmọ òun sì gbóná lálẹ́ ọjọ́ tí a gún un. Ẹni tí wọ́n fọkàn tán ló ti sọ̀rọ̀ kí n tó dé. A gbé àpótí padà bí a ti gbé e lọ.

Ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọmọ kan wá sí ọ̀dọ̀ wa láti apá Pira. Ó ń wú ikọ́. Kì í ṣe ikọ́ tí ẹ mọ̀. Ó ń wú u lọ́wọ́ọ̀wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ dúdú, lẹ́yìn náà ó fa èémí kan tó dún bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Ìyá rẹ̀ kò gbé e wá gba àjẹsára rí. A ti fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ bá wa ṣàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ìyá ọmọ yẹn mọ̀ pé a kò gún un. Àwọn ìyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn rò pé ọmọ àwọn ti wà lábẹ́ òrùlé. Ẹ̀yin lẹ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ń sọ fún wọn pé òjò kò lè wọlé, tí ẹ sì mọ̀ pé òrùlé ti ṣí.

Ẹ ní mo ba iṣẹ́ yín jẹ́. Kò sẹ́ni tó lé yín. Orúkọ mi wà nínú ìwé tí Màmá Sárà kọ, ó wà lókè tiyín. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ fírígò lọ́wọ́ mi fún oṣù kan. Àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, mò ń dúró sẹ́yìn ẹlòmíràn kó tó ka ìwọ̀n ooru tí èmi máa ń kà. N kò sá lọ sí Savalou. N kò pe ẹnikẹ́ni kí n sọ pé Djaffar fẹ́ fi ọmọ kọ́ṣẹ́.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò tíì gbọ́, torí ẹ ti pa fóònù.

Lánàá, ọjọ́ Àìkú, Rachidath ìyàwó yín wá láti Koko. Ó pọn Razack. Ìyá rẹ̀ bá a wá. Rachidath ní lẹ́yìn tí òun gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn obìnrin yẹn, òun lọ sí Djaloukou, òun bi ìyá òun léèrè ìbéèrè kan: ṣé lóòótọ́ ni Djaffar gbé yìnyín wá síbí? Ìyá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn dókítà ló fi ránṣẹ́. Rachidath wá sọ ibi tí yìnyín náà ti wá fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá náà ní àwọn méjèèjì jọ ń lọ sí Bantè.

Ó sọ̀rọ̀ nílé wa lánàá. Kò jókòó. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi ní kí Rachidath má wá. Èmi ni mo ní kó wá. Ọ̀fun mi ló mu yìnyín àwọn ọmọ yẹn. Kí wọ́n tó gún ọmọ ẹlòmíràn, ọmọ ọmọ tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ gún."

Màmá Sárà ló gún un. Razack ké, ó sì dákẹ́. Nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ku ọgbọ̀n.

Àna yín ní òun á wà ní Koko ní Ọjọ́bọ̀ yìí. Ó ní òun á dúró lábẹ́ igi máńgòrò yẹn láti òwúrọ̀, òun á sì sọ fún ìyá kọ̀ọ̀kan bí yìnyín ṣe dé garawa òun, ẹni tó gbé e wá, àti ohun tó wí nígbà tó gbé e kalẹ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ẹrù ọkùnrin ni. Ó ní bí ọkùnrin náà kò bá wá ru ú, òun á ru ú. Obìnrin tí ẹ kò fẹ́ kó rí yín lọ́wọ́ òfo, Ẹ̀gbọ́n, òun ló fẹ́ lọ dúró níwájú gbogbo Koko jẹ́wọ́ fún yín. Kò sì mọ ọ̀nà oko. Lazare náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin nìkan ni àwọn tó wà ní ahéré sì máa ń gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀ kí wọ́n jáde.

Ẹ bá mi kí ẹni tó gbà yín sílé ní Savalou, kí ẹ sì kí àwọn zémi ibùdó yín; ẹ ka ìwé yìí fún wọn bí ẹ bá láyà. Màmá Sárà kí yín. Rachidath kò ní kí n kí yín, n kò sì ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀pà tí àna yín gbé wá ṣì wà lórí tábìlì wa, ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnikẹ́ni kò lè jẹ ẹ́. Ìyá Àgbà ní kí n fi kún un pé ilẹ̀kùn òun kò tì.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la ó gbéra níwájú ilé ìwòsàn. Ike mẹ́ta tí àna yín fọ̀ yẹn ni a fẹ́ lò. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé, wọ́n á ti wà lórí tábìlì, wọ́n á ti máa sunkún. Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín, bí ẹ fẹ́ bí ẹ kọ̀,

Imane.